Ṣọ́ọ̀bù Ọkọ̀ Tí A Tún Tò Nítorí Màùtín

Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ló ní kí n jókòó, kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi sílẹ̀. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ tó ń ro irú iṣẹ́ tí wọ́n máa kọ́ yóò fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe lè fi bí ogójì ọdún kan ọkọ̀ ojú omi ní etí ọ̀sà Àgbádárìgì láìsá kúrò nídìí ẹ̀. Mo ní kí ni mo fẹ́ sọ tí wọ́n máa fẹ́ gbọ́? Pákó ni, ìṣó ni, omi ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ ṣáà kọ nípa Màùtín." Ọmọ náà mọ̀ mí. Tí mo bá ti ya ẹnu sọ̀rọ̀ iṣẹ́, kì í pẹ́ tí n ó fi kan Màùtín.

Mi ò ní pẹ́ lórí bí mo ṣe wọṣẹ́. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tí bàbá mi mú mi lọ bá Ọ̀gá Sèwanú, Ègùn pọ́ńbélé, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà létí ọ̀sà, níbi tí àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Topo lódìkejì omi ti ń gbéra. Wọ́n bá bàbá mi ṣàdéhùn, wọ́n gbàdúrà, bàbá mi yí padà, ó lọ sílé. Bí mo ṣe di ọmọṣẹ́ nìyẹn.

Ọ̀gá ga, wọ́n tín-ín-rín, ohùn wọn kì í sì í ròkè. Fún oṣù mẹ́fà gbáko, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọkọ̀. Mo ń pọ́n ayùn, mo ń pọ́n àáké, mo ń gbá èérún pákó. Àwọn ọ̀gá mìíràn létí ọ̀sà máa ń na ọmọṣẹ́ wọn. Ọ̀gá Sèwanú kò na ẹnikẹ́ni rí, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n máa ń ṣe dùn mí ju ẹgba lọ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kan pákó mọ́ ara ọkọ̀, inú mi dùn, mo ní kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n fi àtàǹpàkò tọ ojú ibi tí pákó méjì ti pàdé.

"Àlàbí, tú u."

Mo tú u, mo tún un kàn. Wọ́n tún fi àtàǹpàkò tọ ojú ibẹ̀. "Tú u." Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, omijé ti ń bọ́ lójú mi. Wọ́n wá jókòó tì mí sórí igi kan. Wọ́n ní, "Ẹni tó máa wọ ọkọ̀ yìí kò mọ̀ ẹ́. Tó bá ti rì, kò lè padà wá bá ẹ jà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá ẹ jà nísinsìnyí." Mo tú u lẹ́ẹ̀kẹrin, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi kí n tó tú u.

Mo gba òmìnira lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n mi ò lọ. Ọ̀gá sọ mí di igbákejì wọn. Ọdún yẹn náà ni Màùtín dé.

Ẹgbẹ́ mi ni, ó tiẹ̀ lè fi ọdún kan jù mí lọ. Láti Ikoga ló ti wá. Ó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gá láìkí wọn, ó kọjá lára gbogbo wa láìwo ẹnikẹ́ni, ó lọ sídìí ọkọ̀ àtijọ́ kan tí wọ́n gbé wá fún àtúnṣe. Ó fi etí lé e, ó ń fi ìka kàn án, kò, kò, kò, láti iwájú títí dé ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀. "Pákó yìí ti rà nínú."

A bú sẹ́rìn-ín, torí pé pákó náà ń dán, ojú rẹ̀ sì mọ́. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú àáké, wọ́n ṣá ibi tó fọwọ́ kàn. Inú rẹ̀ ti rọ̀ bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi.

Kí ẹ má rò pé idán ló ń pa. Ó máa ń fara balẹ̀ ni, ó sì máa ń gbọ́ ohun tí àwa ò dúró gbọ́. Etí kan náà yìí ló sì ń dà á láàmú. Tí èèyàn méjì bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ dà rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Tí ẹ bá fọwọ́ kàn án láti ẹ̀yìn, ó máa ń fò bí ẹni tí iná jó. Ohun tí ẹ bá sọ gan-an ló máa ṣe. Kì í kí èèyàn. Ègùn ló sì kọ́kọ́ gbọ́ kó tó gbọ́ Yorùbá, nítorí náà "ìwọ" ni gbogbo ayé lẹ́nu rẹ̀, àgbà ni o, ọmọdé ni o.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Yorùbá mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Alhaji Rájì, tó ní ọkọ̀ èrò mẹ́rin lórí ọ̀sà, wá wo iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Màùtín gbójú sókè, ó ní, "Ìwọ, o dúró síwájú ìmọ́lẹ̀ mi." Ojú Alhaji pọ́n.

"Sèwanú! Ta ni èyí tó ń pè mí ní ìwọ?"

Ọ̀gá tẹrí ba. "Alhaji, ẹ má bínú. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo gbà síṣẹ́. Ẹ wo ara ọkọ̀ yín, ibẹ̀ ló ti kí yín." Alhaji wo ara ọkọ̀. Ó wò ó pẹ́. Nígbà tó ń lọ, kò bínú mọ́.

Ọ̀gá gbé ìjókòó Màùtín sídìí fèrèsé tó kọjú sí omi. Wọ́n kìlọ̀ fún wa pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kàn án lẹ́yìn. Tí iṣẹ́ bá máa yí padà lọ́la, òní ni wọ́n ti máa sọ fún un. Tí ariwo bá pọ̀ jù, ó lè jáde lọ rìn létí omi kó máa ju ìka rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bi í léèrè. Ọ̀gá fúnra wọn, tí wọ́n ti ń fẹnu sọ iṣẹ́ fún wa tẹ́lẹ̀, kun pákó ńlá kan ní dúdú, wọ́n gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi ẹfun kọ iṣẹ́ oníkálukú sí i láràárọ̀, pẹ̀lú àwòrán.

Mo jowú. Kí n má purọ́ fún yín, mo jowú gan-an. Lójú mi, èmi tí mo tú pákó lẹ́ẹ̀mẹrin, ìkẹ́ ni wọ́n ń kẹ́ ẹ.

Àsìkò yẹn ni ìlú le. Àwọn sọ́jà ti padà gbàjọba, wọ́n ti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ pa, ìṣó ọkọ̀ tí a ń rà láti òdìkejì kò sì wọlé mọ́. Òwú tí a fi ń dí àlàfo àárín pákó, ká tó kun ọ̀dà lé e, di ohun tí a ń wá kiri. A wá ń lọ sétí òkun lápá Iworo, níbi tí ìgbì máa ń gbé àwókù ọkọ̀ sí, a ń fa ìṣó àtijọ́ yọ lára wọn. Wíwọ́ ni gbogbo wọn. Màùtín ló ń nà wọ́n, lọ́kọ̀ọ̀kan, lórí irin, títí wọn ó fi gún rége. Òun náà ló ní kí a lo okùn inú èèpo àgbọn dípò òwú. Ó ń yà á, ó ń lọ́ ọ, kò sì sí èyí tó nípọn ju èkejì lọ. Àgbọn pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ló kógbá sílé létí ọ̀sà láàárín ọdún kan. Tiwa kò kógbá sílé.

Mo dé ibi tí mi ò fẹ́ dé báyìí.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn sọ́jà wá bá wa pé òun fẹ́ ọkọ̀ tí òun máa fi gbé àlejò pàtàkì lọ sí Topo, kó sì jáde láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ibà dá Ọ̀gá dúbúlẹ̀ lásìkò náà, èmi ni mo wà nípò wọn. Ọ̀gbẹ́ni náà gbé jẹnẹrétọ̀ àti ayùn oníná wá fún wa láti fi yá iṣẹ́. Mi ò rí irú ayùn yẹn rí. Orí mi wú. Mo gbé e sí àárín ṣọ́ọ̀bù gan-an, kí gbogbo ẹni tó ń kọjá lè rí i. Mo ń wá ohun tí mo máa gbé e lé, mo wá já pákó dúdú Ọ̀gá lẹ́nu ọ̀nà, mo fi ṣe tábìlì rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, igbe ni mo ń ké mọ́ Màùtín àti Ràfíù tó ń gé pákó fún wa. "Ràfíù, gbé tìhín! Màùtín, fi ìyẹn sílẹ̀, wá di èyí mú! Rárá, padà síbẹ̀!" Mo gbé ìjókòó rẹ̀ kúrò ní fèrèsé torí pé ọkọ̀ tuntun gba àyè. Ọjọ́ kẹta, mo bá a lábẹ́ ọkọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dí etí, ó ń mi síwá sẹ́yìn. Mo ní iṣẹ́ ló ń sá fún.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, ọ̀gbẹ́ni náà dé pẹ̀lú sọ́jà kan. Màùtín yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó lọ dúró níwájú wọn.

"Má gbé ọkọ̀ yìí wọ omi. Àlàfo mọ́kànlá ló kù tí mi ò tíì dí. Mo kà á."

Ọ̀gbẹ́ni náà yíjú sí mi. "Ṣé ẹni tó ń darí ibí nìyí, àbí ìwọ?"

Ojú tì mí, ìtìjú náà sì di ìbínú. Mo pariwo mọ́ Màùtín lójú gbogbo wọn. "Wèrè ni ẹ́! Máa lọ sílé rẹ!"

Màùtín kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ, ó nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sínú àpótí, ó sì lọ.

Èmi fúnra mi ni mo dí àlàfo tó kù lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo rí mẹ́sàn-án. Mo ní ó kà á ṣì ni.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ máa wọ omi, Ọ̀gá ti ń gbádùn díẹ̀, wọ́n wá. Àṣà wọn ni pé àwọn ló máa ń kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ tó bá jáde ní ṣọ́ọ̀bù wọn. A jẹ́ bíi mẹ́wàá nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìyá mẹ́ta ará Topo tí wọ́n bẹ̀ wá pé kí a gbé àwọn délé. Oòrùn ń ràn, omi dákẹ́. Ní àárín ọ̀sà, ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà ní ẹsẹ̀ òun tutù. Mo wolẹ̀. Omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ wa. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ló ti ń wọlé, ibi tí mi ò bẹ̀rẹ̀ wò. Gbogbo wa sáré lọ sí apá kan ṣoṣo, ọkọ̀ fì, ẹ́ńjìnnì tí wọn ò tíì dè dáadáa yọ̀, ó sì tẹ apá ọ̀tún Ọ̀gá mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Mo gbọ́ bí egungun ṣe dún.

Ọlọ́run ló ní kí àwọn apẹja wà nítòsí. Wọ́n kó gbogbo wa sínú ọkọ̀ tiwọn. Ẹnikẹ́ni ò kú. Ṣùgbọ́n apá Ọ̀gá kán síbi méjì, wọn ò sì gbé òòlù mọ́ títí ayé wọn.

Mo lọ bá wọn ní ọsibítù lọ́jọ́ kejì. Wọn ò bú mi.

"Àlàfo mélòó lo dí?"

"Mẹ́sàn-án, sà."

"Mélòó ni Màùtín sọ?"

"Mọ́kànlá."

"Màùtín dà?"

"Mo lé e lọ, sà."

Wọ́n ní, "Lọ sí Ikoga. Ṣùgbọ́n kí o tó bá òun sọ̀rọ̀, kọ́kọ́ jókòó ti ìyá rẹ̀."

Ìyá Màùtín ń hun ẹní níwájú ilé nígbà tí mo dé. "Kúàbọ̀," ni wọ́n fi Ègùn kí mi, wọ́n sì fi ẹní han mí kí n jókòó. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jókòó, mo jẹ́wọ́ gbogbo ohun tí mo ṣe. Wọ́n ń hun ẹní wọn lọ. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní, "Ibi tí o jókòó sí yẹn ni ọ̀gá rẹ jókòó sí kó tó gba ọmọ mi síṣẹ́. Láti àárọ̀ ni, títí oòrùn fi yí. Ó bi mí pé kí ló ń bà á lẹ́rù. Kí ló ń mú inú rẹ̀ dùn. Tí nǹkan bá ti fẹ́ pọ̀ jù fún un, báwo ni òun ṣe máa mọ̀. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta lọmọ yìí ti ṣiṣẹ́ rí. Ní ọ̀kan, wọ́n dè é mọ́ igi. Kò sẹ́ni tó wá bi mí ní nǹkan kan nínú wọn. Ọ̀gá rẹ nìkan."

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Fèrèsé, ẹfun, pákó dúdú, gbogbo ohun tí mo pè ní ìkẹ́, iṣẹ́ ni. Ọ̀gá ti lọ wá bí wọ́n ṣe máa kan ṣọ́ọ̀bù náà kí èèyàn kan lè wọ̀ ọ́ láìrì, bí wọ́n ṣe ń kan ọkọ̀ fún ẹni tí wọn ò mọ̀.

Mo bá Màùtín lẹ́yìn ilé, ó ń ya èèpo àgbọn.

"Màùtín, láti ọjọ́ yẹn, kí ló dé tí o ò padà?"

"O ní kí n máa lọ sílé. O ò sọ ìgbà tí mo máa padà."

Mi ò mọ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún. "Mo ṣẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo jẹ̀bi. Mọ́kànlá ni àlàfo yẹn."

"Mo mọ̀."

"Jọ̀ọ́, padà wá."

"Ìgbà wo?"

"Lọ́la."

"Lọ́la kò dáa. Mi ò tíì múra rẹ̀. Ọjọ́ Ajé."

"Ọjọ́ Ajé dáa."

"Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́?"

"Màá gbé e jáde."

"Gbé e jáde kí n tó dé."

Mo gbé e jáde kó tó dé. Ọ̀gbẹ́ni tó ni í kò padà wá kó o látìgbà ìjàǹbá yẹn. Mo kọ́ àtíbàbà fún ayùn náà lẹ́yìn àwọn igi àgbọn, ó jìnnà sí wa, a sì fẹnu kò pé aago mẹ́wàá sí méjìlá nìkan la ó máa tan án. Kí a tó tan án, a ó ta aṣọ pupa sórí òpó, kí oníkálukú ti mọ̀ pé ariwo ń bọ̀. Mo dá pákó dúdú padà sẹ́nu ọ̀nà. Mo dá ìjókòó padà sí fèrèsé. Kò pẹ́ tí Ràfíù fi sọ fún mi pé ariwo yẹn ti ń fọ́ òun náà lórí, ojú ló ń ti òun láti sọ. Láti ìgbà tí a sì ti gbé ayùn lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ń pe ẹni tó ń lò ó, kò gé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rí.

Màùtín la bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò parí sọ́dọ̀ rẹ̀. Ràfíù yìí kan náà, ọdún mẹ́jọ ló ti ń fi ọgbọ́n bò ó pé nọ́ńbà orí okùn ìwọ̀n máa ń dà rú mọ́ òun lójú. Ọ̀pọ̀ pákó ló ti gé ṣì, tó ń kó pamọ́. Nígbà tó rí i pé mi ò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó jẹ́wọ́. Màùtín gbẹ́ ọ̀pá fún un, ó fi ọ̀bẹ ṣá àmì sí i fún gbogbo gígùn tí a máa ń lò. Ràfíù kò gé pákó ṣì mọ́. Bọ́lá, ọmọbìnrin tó ń kun ọkọ̀, kò lè jókòó sójú kan fún wákàtí kan. Àwọn tó gbà á síṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ní ó ya ọ̀lẹ. Mo pín iṣẹ́ mẹ́ta fún un tó ń pààrà láàárín wọn, ó sì ń ṣe iṣẹ́ èèyàn méjì. Àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ mi ń bi mí bóyá ṣọ́ọ̀bù ni mo ń ṣe tàbí ilé ìtọ́jú. Mo ní kí wọ́n wá wo ọkọ̀.

Alhaji Rájì ló wá di ẹni tí kì í gbé ọkọ̀ kúrò lọ́dọ̀ wa àfi tí Màùtín bá ní, "Ó tó." Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo rí àgbàlagbà yẹn tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí kò dí ìmọ́lẹ̀, tó ń retí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn.

Ọ̀gá ń wá lójoojúmọ́. Wọ́n á jókòó lórí àga, wọ́n á gbé apá tí kò ṣiṣẹ́ lé itan, wọ́n á máa wò wá. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí aṣọ pupa lórí òpó, wọ́n bi mí ohun tó wà fún, mo sọ fún wọn. Wọ́n ní, "Èyí kò wá sí mi lọ́kàn rí." Nínú gbogbo ọdún tí mo lò lọ́dọ̀ wọn, mi ò gba oyè kankan tó ju gbólóhùn yẹn lọ.

Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ oní-fáíbà dé, tí wọ́n ń dà bí ẹní da mọ́ínmọ́ín sínú agolo. A kọ́ ọ. Òórùn rẹ̀ kò bá Màùtín lára mu, a sì fi í sílẹ̀ sídìí pákó, torí àwọn apẹja ṣì ń fẹ́ ti pákó. Ọmọ ọmọ mi ní irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tí àwọn oníṣègùn ń pè wọ́n báyìí, pé ọpọlọ wọn ń gba ọ̀nà tó yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ èèyàn, àti pé wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀gá iṣẹ́ bí wọ́n ṣe máa bá wọn ṣe. Inú mi dùn. Ọkùnrin kan mọ̀ ọ́n ṣe létí ọ̀sà, nígbà tí ìṣó gan-an ṣọ̀wọ́n, kò sì ṣe ju pé ó lọ jókòó, ó béèrè. Ẹ̀yin tí ẹ máa di ọ̀gá lọ́la, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá Sèwanú kú ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí àwọn sọ́jà gbé ìjọba sílẹ̀. Àwọn ọmọ wọn fẹ́ ra pósí ní Èkó, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù ṣe é. Gbogbo wa la ṣe é. Nígbà tí a parí, tí Bọ́lá ń wá ibi tó máa bẹ̀rẹ̀ sí kùn, Màùtín gbé àpótí rẹ̀ wá. Ó lọ́ okùn àgbọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí dí àlàfo pósí náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń ṣe sí ọkọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ọ̀gá dúró wò ó títí, ó fohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, inú ilẹ̀ ló ń lọ o. Kì í ṣe orí omi."

Màùtín kò gbójú sókè.

"Ilẹ̀ ibí ní omi nínú," ló wí. "Kò gbọdọ̀ kàn án."

Odindi ọ̀sán kan ló fi ṣe é, gbogbo wa sì dúró dè é. Nígbà tó parí, ó fi etí lé pósí náà, ó fi ìka kàn án láti ibi orí títí dé ibi ẹsẹ̀. Ó dìde, ó ní, "Ó tó." A wá gbé Ọ̀gá sínú rẹ̀.